Ọjọ́ Tí Oyin Ya Bò Wá Ní Igbó Ìsun

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ ọ́ síbí, àmọ́ bí mo bá ti gbé fóònù, ọwọ́ mi á rọ. Lónìí mo ti pinnu. Bó bá gùn, ẹ má bínú, ẹ bá mi kà á dópin.

Fún àwọn tí kò mọ̀ mí dáadáa: Rónkẹ́ ni orúkọ mi. Ará Ìwó ni mí, ọkọ ló gbé mi dé Òkè-Ìmẹ̀sí. Tíṣà ni mí níléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan níbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti wá síbí rí, ẹ mọ̀ pé òkè ló yí wa ká, bí ìgbà tí ìyá bá fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọmọ mọ́ra. Ibi tẹ́ ẹ bá kọjú sí, òkè ni. Igi ni. Kí ni mo wá ń wá tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ nípa igi látinú ìwé?

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ já ewé tí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀ wá. Ẹ gbà mí! Ewé máńgòrò àti ti dóńgóyárò ni gbogbo wọn gbé dé. Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé òkè ń yọjú sí wọn láti fèrèsé kíláàsì! Mo ní, àwọn igi tó wà lórí òkè yẹn ńkọ́? Ọ̀kan nínú wọn dáhùn pé, "Àǹtí, igbó lásán nìyẹn."

Igbó lásán! Ọ̀rọ̀ yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn ara mi.

Ní ẹsẹ̀ òkè, lẹ́yìn àwọn oko kòkó kan, igbó kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní Igbó Ìsun, torí pé ibẹ̀ ni omi kan ti ń sun jáde lábẹ́ àpáta. Ìdílé Bàbá Ajíbóyè ló nilẹ̀ ibẹ̀. Àgbẹ̀ kòkó ni Bàbá yìí kí ara tó di ara àgbà, wọ́n sì wà lára àwọn àgbà ìjọ Áńgílíkà wa. Àwọn ni olórí ẹbí. Mo lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn, mo ní mo fẹ́ máa kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ láàárọ̀ Sátidé, kí wọ́n lè mọ ohun tó wà nílùú tiwọn.

Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní láti ìgbà tí wọ́n ti di olórí ẹbí, gbogbo ẹni tó ń wá bá wọn nítorí ilẹ̀ yẹn, bí kò bá fẹ́ gé nǹkan níbẹ̀, á fẹ́ kọ́ nǹkan síbẹ̀. Wọ́n ní èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó kàn fẹ́ wá wò ó. Wọ́n ní kí a máa lọ.

Báyìí la ṣe bẹ̀rẹ̀ o. Èmi àti tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan, Màdáámù Fúnkẹ́, la jọ ń kó wọn lọ. A ń kọ́ orúkọ igi, a ń ro etí ìsun, a ń gbin kóró èso sínú ọ̀rá kí ó lè hù. Nígbà míì, a ó ní kí gbogbo wọn dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ ohùn ẹyẹ. (Ẹ̀yin ẹ ní kí ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ dákẹ́ nínú igbó, ẹ ó rí iṣẹ́!) Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ rí àgbìgbò pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ gbàǹgbà yẹn, ẹ̀rín pa wọ́n débi pé ẹyẹ náà bínú fò lọ.

Kì í ṣe gbogbo òbí ni inú wọn dùn sí i. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kò bá lára mu jù ni Ìyá Ìní. Télọ̀ ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nítòsí gáréèjì. Ọkọ rẹ̀ ti kú, Ìní sì ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ó wá bá mi níléèwé, ó ní òun rán ọmọ òun níléèwé kó lè kúrò lóko, èmi wá ń mú un padà síbẹ̀. Mo kàn ń bẹ̀ ẹ́ ni. Ìní fúnra rẹ̀ ló fi ẹkún gbàṣẹ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ọmọ náà fẹ́ràn igbó yẹn ju oúnjẹ lọ!

Ó wá di Sátidé kan. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe tán, àwọn ọmọ ń ṣan ẹsẹ̀, ni a gbọ́ ìró ẹ́ńjìnì ìgégi láti òdìkejì igbó. Ó ń hó gèè. Èmi àti Màdáámù Fúnkẹ́ wo ara wa lójú. Ta ló ń gégi nínú Igbó Ìsun? Ta ló fún un láṣẹ? Mo ní kí àwọn ọmọ wọ bàtà wọn kíá, ká máa lọ sílé.

Wọn ò tíì wọ̀ ọ́ tán tí igi fi wó. Ilẹ̀ mì lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ìgbà tó yá, a gbọ́ ohùn ọkùnrin kan tó ń kígbe pé, "Oyin o! Ẹ sá o!"

Kí n tó mọ ohun tó ń wí, wọ́n ti dé. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kò tíì rí i kí oyin ya bo èèyàn, kí Ọlọ́run má jẹ́ kẹ́ ẹ rí i. Ojú ọ̀run ṣú. Mo kígbe pé kí àwọn ọmọ fi aṣọ bo orí kí wọ́n gba ọ̀nà oko sá jáde. Màdáámù Fúnkẹ́ ṣíwájú, wọ́n ń tẹ̀ lé e, èmi ń lé wọn láti ẹ̀yìn. Bí mo ṣe ní kí n bojú wẹ̀yìn, mo rí Ìní nílẹ̀. Gbòǹgbò ti gbé e ṣubú, oyin sì ti bo orí rẹ̀ bí fìlà.

Mo tú ìró mi, mo ń sáré padà. Àmọ́ kí n tó débẹ̀, ọkùnrin kan já gba inú igbó jáde. Ó ti bọ́ ẹ̀wù ọrùn rẹ̀, ó fi wé ọmọ náà lórí, ó gbé e, ó sì ń sáré. Ìhòòhò ni ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo oyin tí kò rí Ìní ta mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n kó sí. Kò dúró, kò sì gbọn ara.

Màdáámù Fúnkẹ́ ti kó àwọn ọmọ yòókù jáde sójú ọ̀nà, ibẹ̀ ni ọ̀kadà ọkùnrin náà wà. Ó ní kí n gun ẹ̀yìn, ó gbé ọmọ sáàárín èmi àti òun. Ojú Ìní ti wú débi pé kò ríran mọ́. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù kì í ṣe ojú, mímí rẹ̀ ni. Ó ń mí bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Mo ń pè é, "Ìní, Ìní ọmọ mi, má sùn o," ọkùnrin yẹn sì ń sáré ọ̀kadà lọ sílé ìwòsàn ìjọba, ó ń ké "Yáà Ọlọ́un! Yáà Ọlọ́un!" ní gbogbo ọ̀nà.

Ọlọ́run ṣàánú wa, nọ́ọ̀sì tó wà níṣẹ́ mọ ohun tó yẹ ní ṣíṣe. Bó ṣe rí ọmọ, kò bi wá léèrè ọ̀rọ̀, abẹ́rẹ́ ló kọ́kọ́ gún un. Wọ́n ń yọ ẹ̀gún oyin, wọ́n fi nǹkan bo imú rẹ̀ kó lè rí atẹ́gùn fà. Wọ́n ní ká jáde. Èmi àti ọkùnrin yẹn jókòó sórí bẹ́ǹṣì lóde. Ètè rẹ̀ ti wú, etí rẹ̀ ti nípọn.

Ìgbà náà ni Ìyá Ìní dé. Téépù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Èdè Èkìtì ló bọ́ lẹ́nu rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kì í bá èmi ará Ìwó sọ ọ́ bí ara rẹ̀ bá balẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ṣé mo ní o mú ọmọ mi rè ugbó ni? Ṣé ugbó ni mo ní o mú un rè?" Ó dì mí mú ní ẹ̀wù. Mi ò já ara mi gbà. Tó bá jẹ́ ọmọ tèmi ńkọ́? Mo kàn ń sunkún ni.

Nọ́ọ̀sì jáde, ó ní ọmọ ti ń mí dáadáa, kí ìyá rẹ̀ wọlé wá wò ó. Ìyá Ìní wọlé. Ó padà jáde. Ó yíjú sí ọkùnrin yẹn, ó fẹ́ kúnlẹ̀. Ó ní wọ́n ti sọ fún òun nínú ilé pé ọkùnrin náà ló gbé ọmọ òun wá. Ó ń gbàdúrà fún un lọ, àdúrà tó jinlẹ̀.

Ọkùnrin yẹn dìde, ó dì í lápá mú kó má baà kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákẹ́ ná. Ẹ má tíì ṣàdúrà fún mi. Èmi ni mo gé igi yẹn."

Ìyá Ìní ní, "Igi wo?"

"Igi apá tí oyin wà nínú rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé oyin wà níbẹ̀, mi ò sì mọ̀ pé ọmọ wà nínú igbó. Àmọ́ èmi ni mo gé e. Lásísì lorúkọ mi. Mi ò sá lọ."

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, mo rò pé ó ti parí fún ọkùnrin yìí. Ìyá Ìní wò ó. Ó wò ó láti orí dé ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti wú bí búrẹ́dì. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ṣé wọ́n ti fún ìwọ náà lábẹ́rẹ́?"

Lásísì ní rárá. Ni Ìyá Ìní bá wọlé lọ bá nọ́ọ̀sì, ohùn rẹ̀ ń ta jáde pé ẹnì kan wà lóde tí oyin ti ta pa, kí ló dé tí wọn ò dá a lóhùn?

Ọmọ náà yè. Ẹ bá mi dúpẹ́! Ó lo ọjọ́ díẹ̀ níbẹ̀, ó sì padà sílé.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kò tán. Ọ̀gá iléèwé wa ní kò sí lílọ sígbó mọ́. Mi ò bá wọn jiyàn. Nínú ẹgbẹ́ Wọ́sáàpù àwọn òbí, ohun tí wọn ò sọ sí mi kò sí. Ẹnì kan ní òkìkí ni mò ń wá. Ẹlòmíì ní kí wọ́n tilẹ̀ gé gbogbo igbó náà lulẹ̀, kí ó má baà pa ọmọ ẹlòmíì. Àwọn púpọ̀ sì gbà bẹ́ẹ̀! Èyí ló dùn mí jù. Ọkọ mi ní kí n fi fóònù sílẹ̀, kí n sinmi.

Mo lọ sọ́dọ̀ Bàbá Ajíbóyè. Ojú ń ti Bàbá. Wọ́n ní àbúrò àwọn tó ń gbé ní Adó ló fún àwọn onígẹdú láṣẹ, pé kí wọ́n gé igi ibẹ̀ tán kí wọ́n lè pín ilẹ̀ náà fún àwọn ọmọ. Wọ́n ní àwọn gbọ́ ọ fìrífìrí, àmọ́ àwọn dákẹ́, torí àwọn ò fẹ́ kí ìjà wọ inú ẹbí ní ọjọ́ alẹ́ àwọn. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìjà tí mo sá fún, ọmọ ọlọ́mọ ló bá a pàdé."

Mo padà sílé, mo kó àwọn ìwé igi mi sínú àpótí. Mo ti juwọ́ sílẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, mo gbọ́ kò-kò-kò lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá Ìní ni, òun àti ọmọ rẹ̀. Mo rò pé ó ti wá parí ìjà tó bẹ̀rẹ̀. Ó kọ̀, kò jókòó. Ó ní, "Tíṣà, ẹ mú mi lọ síbẹ̀. Mo fẹ́ rí ibi tí ọmọ mi ti fẹ́ kú."

Kí ni kí n ṣe? Mo wọ bàtà. A gba ọ̀nà oko kòkó, Ìní wà láàárín wa. Ọmọ náà ni mò ń bẹ̀rù fún, mo rò pé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n bí a bá ti dé itòsí. Dípò bẹ́ẹ̀, òun ló ń ṣíwájú. Ó ń fi igi han ìyá rẹ̀, ó ń pè wọ́n lórúkọ: afàrà nìyí, ìtó nìyí, Màmá, ẹ má fọwọ́ kan èyí, á yún yín lára.

A dé ibi tí igi apá yẹn wó sí. Ó tóbi ju bí mo ṣe rò lọ, ó sùn sílẹ̀ gbọọrọ, ó sì ti fọ́ àwọn igi kéékèèké mọ́lẹ̀. Ihò tí oyin ń gbé ti là sí méjì. Mo rí afárá tó ti gbẹ, èèrà ti bò ó. Ìyá Ìní dúró. Ó ní oyin burúkú, kòkòrò burúkú, Ọlọ́run á bá òun mú wọn.

Ìní gbójú sókè wo ìyá rẹ̀. Ó ní, "Ilé wọn ló wó, Màmá. Àwọn náà ní ọmọ nínú ilé."

Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn o. Mo búra!

Ìyá Ìní rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí ìsun, ó bẹ̀rẹ̀, ó tọwọ́ bọ omi. Ó ní òun àti ìyá òun jọ máa ń pọn omi yìí nígbà tí òun kéré bí Ìní. Ó ní nígbà náà, bí èèyàn bá ti wọ inú rẹ̀, omi ti dé orúnkún. Wò ó báyìí, ó ní, kò bo ọrùn ọwọ́ òun. Ó ní òun rò pé omi náà ti gbẹ tipẹ́. Ó ní òun ò tilẹ̀ rántí pé kí òun wá wò ó.

Kí n má fi ọ̀rọ̀ gùn lọ. Nígbà tí ẹbí Ajíbóyè pe ìpàdé níwájú ilé Bàbá láti sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ náà, àwa ará iléèwé lọ, àwọn òbí kan náà lọ. Àbúrò Bàbá wá láti Adó. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ jẹ́ ká sòótọ́. Ó ní ọmọ àwọn pọ̀, ilẹ̀ kò pọ̀, ṣé igi ni àwọn ọmọ máa sùn lé? Àwọn kan mi orí pé òótọ́ ló sọ. Ó wá ní ẹ̀yin náà ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ obìnrin yìí. Ṣé igbó tó fẹ́ pa ọmọ ló yẹ ká máa tọ́jú?

Ìyá Ìní dìde. Kò tilẹ̀ kọ́kọ́ kí ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi ọmọ mi ṣe ẹlẹ́rìí yín. Igbó kọ́ ló fẹ́ pa á. Ó ti ń lọ síbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, oyin wà níbẹ̀, kò ta á. Ọjọ́ tí a wó ilé wọn ni wọ́n ta á. Èmi tí mo lè bínú, mi ò bínú sí igbó. Ẹ pín ilẹ̀ yín, tiyín ni. Àmọ́ omi tí ìyá mi pọn fún mi mu, ẹ bá mi fi ibẹ̀ sílẹ̀."

Lásísì wà níkọ̀rọ̀. Ó ní òun ò ní í fi ẹ́ńjìnì kan igi ibẹ̀ mọ́, àmọ́ kí wọ́n má tan ara wọn jẹ o: bí òun kò bá gé e, ẹlòmíì á wá gé e, àfi bí àwọn tó nilẹ̀ bá sọ ọ́ fúnra wọn pé rárá.

Bàbá Ajíbóyè fi ọ̀pá dìde. Wọ́n wojú àbúrò wọn, wọ́n ní, "Láti ibi àpáta títí dé ojú ọ̀nà oko, rárá. Ìwọ̀ oòrùn ibẹ̀ tí ẹ ti gé, ẹ pín in. Èyí tó yí omi ká, mo ti sọ̀rọ̀."

Àbúrò wọn bínú. Kò jẹun kó tó padà sí Adó. Mo gbọ́ pé títí di báyìí, ọ̀rọ̀ ò tíì wọ̀ dáadáa láàárín wọn, ó sì ń dun Bàbá. Ohun tí Bàbá sá fún náà ni wọ́n padà fi ara gbà. Mi ò lè kọ ìtàn yìí kí n má sọ ìyẹn.

A ti ń lọ sígbó padà. Ọ̀gá wa gbà, ṣùgbọ́n òbí gbọ́dọ̀ máa bá wa lọ. Lásísì ló máa ń kọ́kọ́ yẹ ibẹ̀ wò kí a tó wọlé, bóyá oyin wà tàbí ẹ̀ka gbígbẹ tó lè já. Ẹ má rò pé ó ti fi iṣẹ́ gẹdú sílẹ̀ o! Ó ṣì ń gégi níbòmíì, iṣẹ́ tó fi ń tọ́ ọmọ ni. Àmọ́ ó sọ fún mi pé ní báyìí, òun máa ń fọwọ́ lu igi, òun á fetí sí i, òun á sì yí i ká wò kí òun tó tan ẹ́ńjìnì.

Ẹ̀kọ́ wo ni mo rí kọ́? Mo ti máa ń rò pé bí èèyàn bá fẹ́ kí ará ìlú tọ́jú igbó, àlàyé ni kó máa ṣe fún wọn: ọ̀rọ̀ òjò, ọ̀rọ̀ atẹ́gùn, ọ̀rọ̀ ọ̀gbìn. Àlàyé dára. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àlàyé mi ló yí Ìyá Ìní lọ́kàn padà, omi tó tọwọ́ bọ̀ ni. Èèyàn kì í ṣàánú ohun tí kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí. Nítorí náà, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ, kí ẹ̀yin náà sì bá wọn lọ. Ẹ má fi í sílẹ̀ fún tíṣà nìkan!

Ó kan yín wàyí. Ẹ̀yin ará Ìjerò, Aramọkọ, Ẹfọ̀n, Erìjìyàn, àti ẹ̀yin tó wà lókè òkun pàápàá, odò tàbí ìsun wo ni wọ́n ń pọn nílùú yín nígbà tí ẹ wà lọ́mọdé? Ìgbà wo lẹ ti débẹ̀ kẹ́yìn? Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sísàlẹ̀ yìí fún mi, màá kà á fún àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bó bá sì ti gbẹ, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà. Ó ṣì yẹ kí ẹnì kan máa pè é lórúkọ.